Ìsanrajù àti àrùn àpò ìfun ńlá: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé inú ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n lọ ṣe nítorí nǹkan mìíràn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń pàdé orúkọ àrùn yìí. Wọ́n á kà á, ẹ̀rù á bà wọ́n. Bí ara wọn bá tún tóbi, tí dókítà sì fi kún un pé ìsanra wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìtìjú á dàpọ̀ mọ́ ẹ̀rù, wọn ò sì ní lè bèèrè ohun tó wà lọ́kàn wọn. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ la kó jọ síbí.

Kí ni àpò ìfun yìí gan-an?

Ìfun ńlá ló kẹ́yìn nínú àwọn ìfun wa. Òun ló ń fa omi kúrò lára oúnjẹ tó ti dà, tó ń ki ìyókù pọ̀ di ìgbẹ́, tó sì ń fún un lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi jáde. Iṣan tó yí i ká ló ń ṣe iṣẹ́ fífún yẹn. Àmọ́ iṣan náà kò dí tán. Òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ń gba àárín rẹ̀ kọjá lọ bọ́ awọ inú ìfun, ojú ibi tí wọ́n ń gbà yẹn kò sì lágbára bíi ti ìyókù.

Bóyá ẹ ti rí táyà kẹ̀kẹ́ tó gbó, tí tíúbù inú rẹ̀ ń yọ gọngọ níbi tí rọ́bà òde ti là. Bí awọ inú ìfun ṣe ń yọ síta lójú ibi tí kò lágbára nìyẹn, tó ń di àpò kékeré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju mílímítà 5 sí 10 lọ. Ẹnìkan lè ní ẹyọ kan péré, ẹlòmíràn lè ní ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ. Láàárín àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìsàlẹ̀ ikùn lọ́wọ́ òsì ni wọ́n pọ̀ sí jù, níbi tí ìfun ńlá ti tẹ̀ kọrọdọ bíi lẹ́tà S. Ibẹ̀ ló tóóró jù, ibẹ̀ náà sì ni agbára fífún ti ń ga jù. Láàárín àwọn ará Éṣíà, ọwọ́ ọ̀tún ló wọ́pọ̀.

Wọ́n kọ "diverticulosis" sínú ìwé àyẹ̀wò mi. Ṣé àìsàn ti dé nìyẹn?

Kò tíì dé. Ọ̀rọ̀ yẹn kàn ń sọ pé àpò wà níbẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé e kiri láìmọ̀ títí wọ́n fi darúgbó. Ìgbà tí àpò kan bá wú, tó ń ta, tó sì ń mú ara gbóná, ni wọ́n ń pè é ní diverticulitis. Nígbà mìíràn kì í wú rárá, ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa ti inú rẹ̀ wá. Nínú 100 èèyàn tó ní àpò, àwọn tí yóò rí diverticulitis kò tó 5. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ, torí nígbà tí a bá ń sọ nípa ewu tó ń pọ̀ sí i, orí iye kékeré yìí ló ti ń pọ̀ sí i.

Àwọn wo ló máa ń ní in?

Ọjọ́ orí ló ṣáájú. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ní àpò kò tó 20 nínú 100 láàárín àwọn ẹni 40 ọdún. Tí ọjọ́ orí bá fi máa pé 60, wọ́n ti lé ní ìdajì. Ìdílé náà ní ọwọ́ níbẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ìbejì ní Sweden àti Denmark fi hàn pé ohun tí a jogún ló fà á tó ìdá méjì nínú márùn-ún, bóyá ó tó ìdajì pàápàá. Ìyókù wà lọ́wọ́ bí a ṣe ń gbé ayé wa: oúnjẹ, sìgá, ìjókòó sójú kan, àwọn oògùn kan, àti ìsanra. Nítorí náà, ẹni tí àrùn yìí bá mú kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Diverticulitis tún ti ń pọ̀ sí i láàárín àwọn tí kò tíì pé 50 ọdún. Ìsanra sì wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń mú yìí.

Báwo ni ìsanra ṣe wọ ọ̀rọ̀ ìfun?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú wa, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i.

Ní 1986, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìlera, dókítà eyín, apòògùn àti irú wọn. Nínú wọn, 47,228 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 40 sí 75, tí àrùn yìí kò tíì mú, ni wọ́n ń ṣọ́ fún ọdún 18. Lópin rẹ̀, 801 ti ní diverticulitis, àpò sì ti ṣẹ̀jẹ̀ lára àwọn 383. Wọ́n wá fi àwọn tí BMI wọn, ìyẹn ìwọ̀n ara tí wọ́n fi gíga ṣírò, tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ wé àwọn tí tiwọn kò tó 21. Diverticulitis fi nǹkan bí 78 nínú 100 pọ̀ ju ti àwọn tó tín-ín-rín lọ. Ti ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n fi tépù wọn ikùn àti ìbàdí, ohun kan náà ni wọ́n rí: ikùn tó yọ ń bá ewu rìn.

Kí ló dé tí ikùn fi ń dá yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún wàhálà báyìí? Oríṣi ọ̀rá méjì ló wà. Ọ̀kan wà lábẹ́ awọ, èyí tí ẹ lè fi ìka mú. Èkejì wà nínú lọ́hùn-ún, ó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, ẹ ò lè fọwọ́ kàn án. Ti inú lọ́hùn-ún yìí kì í sùn. Àwọn ọmọ ogun ara ń kóra jọ sínú rẹ̀, wọ́n sì ń tú àwọn èròjà tó ń mú nǹkan wú sínú ẹ̀jẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ìfun náà tún máa ń yàtọ̀ lára ẹni tó sanra, awọ tó yẹ kó sé wọn mọ́ inú sì lè máà le bó ṣe yẹ.

Ẹ wá rántí pé nígbà tí àpò bá yọ síta lára ìfun, inú ọ̀rá yẹn gan-an ló ń yọ sí. Bí ọgbẹ́ kékeré bá ṣẹlẹ̀ nínú àpò lára ẹni tí ọ̀rá inú rẹ̀ kò pọ̀, ó lè jinná kí ó tó mọ̀. Lára ẹni tí ọ̀rá yìí pọ̀, iná sìgá tó bọ́ sínú koríko ẹ̀ẹ̀rùn ni. Dókítà tó bá ń wo àwòrán CT, ìyẹn àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ ń yà, kì í tilẹ̀ wo àpò nìkan. Ọ̀rá tó yí i ká ló tún ń wò, torí níbi tí ìwú bá wà, ọ̀rá náà kì í mọ́ lójú àwòrán mọ́, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé èéfín fẹ́ sí i.

Ṣé ìsanra ló ń dá àpò náà sílẹ̀?

Ẹ̀rí lórí ìyẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọwọ́ ìsanra ti hàn kedere ni pé ó ń jí àpò tó ń sùn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé tèmi ti pọ̀ jù?

BMI ni ohun tí ẹ máa rí bí ẹ bá fi gíga yín ní mítà lọ́po ara rẹ̀, tí ẹ sì fi èsì rẹ̀ pín ìwọ̀n ara yín ní kílò. Ẹni tó ga ní mítà 1.65, tó wọn kílò 92, yóò fi 1.65 lọ́po ara rẹ̀, ìyẹn 2.72, yóò sì fi pín 92. Ó di 33.8. Láti 25 ni wọ́n ti ń sọ pé ó ti ń pọ̀, láti 30 ni wọ́n ti ń pè é ní ìsanrajù.

Ṣùgbọ́n tí a bá ní kí ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo, tépù télọ̀ la ó ní kí ẹ mú, torí òun ló ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rá inú lọ́hùn-ún. Ẹ dúró ṣánṣán, ẹ ká aṣọ kúrò lórí ikùn. Ẹ fi ìka wá egungun ìhà tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ sì wá ṣóńṣó egungun ìbàdí nísàlẹ̀ rẹ̀. Àárín méjèèjì ni tépù yóò gbà yíká. Ẹ mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́ kí ẹ tó kà á. Gbogbo wa la mọ bí ikùn ṣe ń sáré wọlé fúnra rẹ̀ nígbà tí tépù bá kàn án. Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Fún ọkùnrin, ewu ti bẹ̀rẹ̀ láti 94 sẹ̀ǹtímítà, ó sì ti pọ̀ gan-an tó bá kọjá 102. Fún obìnrin, 80 ni ó ti bẹ̀rẹ̀, 88 ni ó ti pọ̀. Ààlà yìí tún rẹlẹ̀ sí i fún ọkùnrin tó bá jẹ́ ará Éṣíà.

Mi ò sanra rí nígbà èwe. Lẹ́yìn tí mo dàgbà ni ara mi gbà á. Ṣé ìyẹn yàtọ̀?

Ó yàtọ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Nínú ìwádìí ńlá mìíràn tí wọ́n ṣe lórí àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ti fi kílò 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ sanra sí i láti ìgbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 18 ní diverticulitis ju àwọn tí ara wọn kò yí padà lọ, ó sì fi nǹkan bí 73 nínú 100 jù ú lọ. Nítorí náà, bí ọwọ́ yín kò bá tíì tẹ ìsanra tó ti wà tẹ́lẹ̀, dídá a dúró kó má pọ̀ ju báyìí lọ jẹ́ iṣẹ́ gidi. Ẹ má fojú kékeré wò ó.

Mi ò sanra rárá. Ṣé mo ti bọ́ nìyẹn?

Rárá. Ọjọ́ orí, ìdílé àti sìgá kì í wo ìwọ̀n ara.

Kí ni màá rí tí mo fi máa mọ̀ pé àpò ti wú?

Ìrora tó dúró sójú kan nísàlẹ̀ ikùn, lọ́wọ́ òsì ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tí kò lọ tó ń bọ̀ bí inú rírun lásán, tó ń le sí i láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ara lè gbóná. Ẹni náà lè máa bì, oúnjẹ lè máa kọ́ ọ lẹ́nu, ìgbẹ́ lè dì tàbí kó di gbuuru. Tó bá ti le, ẹni náà kì í fẹ́ kí ohunkóhun mi òun. Ó máa ń rọra rìn, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí ikùn, bí ọkọ̀ tó gbé e bá já sí kòtò, yóò pariwo.

Bí ikùn bá le gbandi, bí ibà bá wá pẹ̀lú òtútù tó ń gbọ̀n yín, bí omi pàápàá kò bá dúró nínú, ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà.

Ti ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀, torí kì í sábà dun èèyàn. Àpò ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ẹ̀jẹ̀, ó sì ń nà án títí yóò fi fẹ́lẹ́. Tó bá já, ẹ̀jẹ̀ pupa tàbí èyí tó dúdú díẹ̀ á dà sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ lójijì, ó sì lè pọ̀. Bíi 3 nínú 4 ló ń dá fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, a ń bẹ̀ yín, ẹ má jókòó sílé máa retí pé yóò dá, pàápàá bí òòyì bá ń kọ́ yín. Ẹ má sì ṣe fi jẹ̀díjẹ̀dí dá ara yín lọ́kàn le. Jẹ̀díjẹ̀dí lè ṣẹ̀jẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ jẹjẹrẹ ìfun náà ń ṣẹ̀jẹ̀, ojú lásán kò sì lè mọ ìyàtọ̀. Ìtìjú ọ̀rọ̀ ìdí ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò yẹ kó kú.

Àyẹ̀wò wo ni wọ́n máa ṣe?

Ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà ni àwòrán CT. Lára ẹni tí ikùn rẹ̀ tóbi, ọwọ́ dókítà kì í tètè bá ojú ibi tó ń dunni gan-an, nítorí náà àwòrán wúlò fún un ju ẹlòmíràn lọ. Ibùsùn ẹ̀rọ CT ní iye kílò tó lè gbé. Bí ara yín bá tóbi gan-an, kò sí ohun ìtìjú nínú kí ẹ bèèrè kí wọ́n tó gbé yín lọ síbẹ̀.

Colonoscopy, ìyẹn kámẹ́rà tí wọ́n ń tì gba ojú ihò ìdí, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ìfun bá ṣì wú, kó má baà lu. Wọ́n máa ń dúró di ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí wọ́n tó fi wo inú rẹ̀ bóyá nǹkan mìíràn fara pamọ́ síbẹ̀. Tí wọ́n bá dá ọjọ́ yẹn fún yín, ẹ lọ, kódà bí ara bá ti yá.

Ṣé gbogbo ẹni tó ní diverticulitis ló ní láti lo oògùn apakòkòrò?

Tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn ni. Ní 2012, èsì ìwádìí kan láti Sweden jáde, tí wọ́n ṣe lórí èèyàn 623 tí àrùn náà kò tíì le lára wọn. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn, wọn kò fún àwọn yòókù, ara àwọn tó lò ó kò sì tètè yá ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Ìwádìí kan ní Netherlands bá a mu lẹ́yìn náà. Nítorí náà, bí dókítà bá ní kí ẹ sinmi, kí ẹ máa mu nǹkan olómi fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ sì padà wá, kò fojú di yín. Àmọ́ ẹni tí agbára ara rẹ̀ láti bá àrùn jà ti dínkù, aláboyún, àti ẹni tó ní ibà gíga tàbí tí àwòrán fi hàn pé ó ti kó ọyún, oògùn ni.

Iṣẹ́ abẹ ńkọ́?

Àwọn díẹ̀ ló ń débẹ̀. Bí àpò bá kó ọyún tó pọ̀, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ gbọọrọ fà á láti ìta. Bó bá lu, tí ìgbẹ́ tú sínú ikùn, iṣẹ́ abẹ kíákíá ni, nígbà mìíràn wọ́n á fa ẹnu ìfun jáde sára ikùn fún ìgbà díẹ̀. Ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ máa ń tètè kó kòkòrò lára ẹni tó sanra. Bí iṣẹ́ abẹ náà bá jẹ́ èyí tó lè dúró, ẹ bi oníṣẹ́ abẹ yín bóyá ó máa dára kí ẹ jò díẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Tí mo bá jò, ṣé àpò náà á lọ?

Kò ní lọ. Àpò tó ti yọ ti yọ nìyẹn. Ohun tí ẹ ń wá ni kó má jí, tàbí kó má tún jí, torí bíi ẹni 1 nínú 5 tí diverticulitis ti mú ló tún máa ń mú láàárín ọdún márùn-ún.

Ọ̀rá inú lọ́hùn-ún máa ń tètè gbọ́ràn nígbà tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò, kódà nígbà tí òṣùwọ̀n kò tíì sọ nǹkan gidi. Láàárín àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìlera tí a mẹ́nu bà, àwọn olùwádìí tún wo nǹkan márùn-ún pa pọ̀: kí BMI wà láàárín 18.5 sí 24.9, kí ẹran màlúù, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀ má tó gíráàmù 51 lójúmọ́, kí fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ láti ara ewéko tí ara kì í lè dà, tó gíráàmù 23 lójúmọ́, kí eré ìdárayá tó ń mú èèyàn mí hẹlẹ tó wákàtí méjì lọ́sẹ̀, kí èèyàn má sì mu sìgá rí. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdajì diverticulitis tó ṣẹlẹ̀ ni ì bá má ṣẹlẹ̀ ká ní gbogbo wọn ń gbé bẹ́ẹ̀. Ìsanra jẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún. Ẹni tí kò rí i mú kúrò nílẹ̀ kíákíá ṣì ní mẹ́rin tó lè dì mú lónìí.

Fáíbà wo ni kí n jẹ, báwo ni kí n sì ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀wà lóríṣiríṣi, ẹ̀fọ́, èso pẹ̀lú awọ rẹ̀, ọkà tí wọn ò bó. Ọ̀rọ̀ fáíbà yìí ti pẹ́. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tó ṣiṣẹ́ ní Uganda, àti Neil Painter ló gbé e jáde ní 1971 pé àìjẹ fáíbà ló ń fa àpò ìfun. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e ti gbé ìbéèrè dìde sí i bóyá òun ló ń dá àpò sílẹ̀. Pé àwọn tó ń jẹ ẹ́ dáadáa kì í fi bẹ́ẹ̀ ní diverticulitis, ìyẹn ṣì dúró.

Ẹ má ṣe sáré sí i. Ẹni tó bá ti ìwọ̀nba díẹ̀ fò sí ọ̀pọ̀ lọ́jọ́ kan, inú rẹ̀ á wú fùkẹ̀, yóò sì jáwọ́. Ẹ fi díẹ̀díẹ̀ kún un fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ sì máa mu omi, torí fáíbà láìsí omi lè mú ìgbẹ́ le sí i.

Orúnkún ń dùn mí nítorí ara mi, mo sì ń lo oògùn ìrora. Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ yìí?

Ó kàn án gan-an, ẹni díẹ̀ ló sì ń sọ ọ́ fún àwọn tó sanra. Ìwọ̀n ara ń tẹ orúnkún, orúnkún ń dunni, èèyàn á máa gbé ibuprofen tàbí diclofenac mì lójoojúmọ́. Àwọn oògùn wọ̀nyí ń fi kún ewu kí àpò wú, wọ́n sì ń fi kún ewu kó ṣẹ̀jẹ̀. Ewu méjì ti wá pàdé lára ẹnìkan náà. Ẹ bá dókítà sọ ọ́ bóyá paracetamol lè tó yín. Bó bá jẹ́ aspirin tí wọ́n kọ fún yín nítorí ọkàn ni, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Mo ń gba abẹ́rẹ́ tó ń múni jò. Ṣé kí n ṣọ́ra?

Semaglutide àti irú rẹ̀ sábà máa ń mú kí ìgbẹ́ dì. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ ọ́ fún yín mọ̀ pé ẹ ní àpò ìfun, kí ẹ má sì jẹ́ kí ìgbẹ́ dì fún ọjọ́ púpọ̀ láìsọ.

Wọ́n ní kí n má jẹ ẹ̀pà, gúgúrú àti èso tó ní hóró mọ́, kí hóró má baà há sínú àpò. Ṣé òótọ́ ni?

Ìmọ̀ràn àtijọ́ nìyẹn, àwọn dókítà náà sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2008 ni èsì jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìlera yẹn kan náà: àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà àti gúgúrú dáadáa kò ní diverticulitis ju àwọn tí kì í jẹ ẹ́ lọ, tiwọn tilẹ̀ kéré sí i. Bí oúnjẹ kan bá máa ń run yín nínú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá jẹ ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bí kò bá ṣe yín ní nǹkan kan, ẹ jẹ ẹ̀pà yín.